Àpótí Eré Tí Àbúrò Mi Fi Sílẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má tíì rí i rí. Àpótí pákó ni, ó ga jù mí lọ díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀ lókè. Ìtọ́kọ̀ bíi ti ọkọ̀ gidi wà níwájú rẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní volant. Nísàlẹ̀, ibi méjì wà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀: ọ̀kan fún ìsáré, ọ̀kan fún ìdádúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò di ìtọ́kọ̀ mú, yóò máa wa ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan.

Orúkọ eré náà ni OutRun. Ilé iṣẹ́ Sega ní ilẹ̀ Japan ló ṣe é jáde ní ọdún 1986. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yu Suzuki ló darí iṣẹ́ náà. Nínú eré yìí, mọ́tò pupa kan tí kò ní òrùlé ń sáré lọ lẹ́bàá òkun. Ọkùnrin kan ń wà á, obìnrin kan tí irun rẹ̀ rí bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo jókòó tì í. Bí ẹ bá dé oríta, ẹ ó yan ọ̀tún tàbí òsì. Àkókò ni ẹ ń bá díje níbẹ̀. Bí àkókò bá tán kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n fi àmì sí, eré parí, owó yín sì ti lọ nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ra àpótí yìí ní Kútọnu ní ọdún 2003. Ó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ẹrù kọ̀ǹtínà, láàárín àwọn fìríìjì àlòkù àti ibùsùn àlòkù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Bí a ṣe mọ̀ ni pé orí okùn iná rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó nípọn, tó ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì lè wọ ojú iná ara ògiri tiwa tó ní ihò roboto. Ibi tí a ń ju owó sí pẹ̀lú, owó Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá ju 100 fàráǹkì sẹ́fà sí i, yóò pọ̀ ọ́ padà.

Ẹ wo ohun tí àbúrò mi ṣe. Ó ra bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà, ó fa okùn láti inú àpótí wá sí abẹ́ tábìlì tó ń jókòó sí. Ẹni tó bá fún un ní 100 fàráǹkì, yóò fi ìka tẹ bọ́tìnnì náà lábẹ́ tábìlì, àpótí yóò rò pé owó ti wọlé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé kí bàbá wa tó mú un lọ sóko.

Ní ọdún 2004, onílé gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó padà wá sí Kétu fún oṣù mẹ́ta kó tó rí òmíràn. Ọdún yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé Yorùbá lálaalẹ́. Kíláàsì mi àkọ́kọ́ nìyẹn, àbúrò mi sì jókòó síbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, nítorí pé ojú ń tì í pé èmi ni olùkọ́. Ó tètè mọ lẹ́tà. Nígbà tí a dé ibi àmì ohùn, mo rí i pé àwọn ènìyàn ń rojú. Èmi fúnra mi kò fẹ́ kí wọ́n sá. Mo sọ fún wọn pé: “Ẹ fi àmì sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí ẹ kọ.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yìí, nítorí pé mo ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Àbúrò mi kú ní ọdún 2011. Wọ́n gbé àpótí náà wá sílé ìyá wa ní Kétu, a fi tapólì bò ó nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2022, àwọn tó ń ra irin àlòkù kọjá, wọ́n ní àwọn yóò san 12,000 fàráǹkì. Inú ìyá wa dùn, nítorí pé eku ti bímọ sínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo sọ òótọ́ fún yín: èmi náà fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi wà nílé fún ìsinmi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ìyá, kí wọ́n má tà á.” Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kò rántí ojú bàbá òun dáadáa mọ́ bí òun kò bá wo fọ́tò, ṣùgbọ́n òun rántí pé ó máa ń gbé òun sókè kí ọwọ́ òun lè tó ìtọ́kọ̀ náà.

Àwọn oníirin lọ láìrà á.

A gbé e jáde sí àgbàlá, a gbá ìgbẹ́ eku kúrò. Pákó rẹ̀ kì í ṣe pákó gidi. Lẹ́bú igi ni wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀, bí omi bá kàn án, yóò wú bí búrẹ́dì. Gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, a sì ní láti gé e kúrò níbi tó ga tó ìka mẹ́rin, kí a fi pákó ìrókò rọ́pò rẹ̀. Káfíńtà kan ní àdúgbò wa bá wa ṣe ìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì ń bi wá ní gbogbo ìgbà pé ṣé pósí ni.

Nígbà tí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, a rí ọwọ́ àbúrò mi. Mo fẹ́ sọ pé a rí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ti gé páálí wàrà, ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i, ó kàn án mọ́ ara pákó nínú lọ́hùn-ún. Lórí páálí kan, ó kọ OKUN PUPA INA. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ OKUN DUDU ILE. Ọmọ náà kà á ní “okùn dúdú, ilé”, ó sì ń wá ibi tí okùn náà ti wọ inú ilé. Ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń wí, okùn tó yẹ kó lọ sínú ilẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i. Lórí páálí kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọ MA FOWO KAN.

Mo rí i. Mo kà á, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. N kò kà á sókè.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a so okùn iná tuntun mọ́ ọn. (Orí okùn ti Gẹ̀ẹ́sì tí a gé sọnù ní fíúùsì nínú, èyí tó máa ń jó kí iná tó ba ẹ̀rọ jẹ́. A kò mọ̀. Àwa tí a bá ń gé e, ẹ jẹ́ kí a fi fíúùsì mìíràn sí i.) A tan iná. Inú àpótí kùn bí oyin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò pupa, kò sí òkun. Ìlà funfun kan ṣoṣo ló yọ, láti ọ̀tún dé òsì, bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. A pa iná, a yọ okùn kúrò lára ògiri. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo lọ sí kíláàsì mi.

Mo ṣì ń kọ̀wé sí pátákó nígbà tí ọmọdé kan sáré wọlé pé kí n máa bọ̀, kí n máa bọ̀, iná ti gbé ọmọ àbúrò mi.

Nígbà tí mo dé ilé, ó jókòó sílẹ̀, ìyá wa di orí rẹ̀ mú. Ó ń sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó ṣe ni pé ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ó rí rọ́bà roboto kan tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó gbé e sókè, ó sì fi irin kàn án lábẹ́. Iná náà jù ú sẹ́yìn. Ìgúnpá rẹ̀ lu ògiri, etí pákó sì ya apá rẹ̀. A gbé e sórí zẹmijan lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n rán apá rẹ̀ ní ojú márùn-ún, wọ́n sì ní kó sùn síbẹ̀ di òwúrọ̀ kí àwọn lè máa gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni iná ṣe lè gbé ènìyàn nígbà tí a ti yọ okùn kúrò lára ògiri. Èmi náà béèrè. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ikùn ńlá lẹ́yìn, ìgò ni ikùn náà. Iná ara ògiri wa jẹ́ 220 volt. Ẹ̀rọ inú tẹlifíṣọ̀n a máa sọ ọ́ di púpọ̀, yóò ju 20,000 volt lọ nínú àwọn tó tóbi, kí ìgò náà tó lè mọ́lẹ̀. Ara ìgò yìí a sì máa pa iná náà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, bí ìkòkò tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ tó ṣì ń gbóná. Ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Abẹ́ rọ́bà roboto yẹn gan-an ló ń gbà wọlé.

Ní òwúrọ̀, mo bi ọmọ náà pé: “Kí ló mú ọ fọwọ́ kan ibẹ̀? Ṣé o kò rí ohun tí bàbá rẹ kọ ni?”

Ó ní: “Mo rí i, Bàbá. Ohun tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án nìyẹn. Wọ́n ní kí a máa fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè: MA FOWO KAN. Bí ẹ bá kà á ní “má fọwọ́ kàn”, ó ń kọ̀ fún yín. Bí ẹ bá kà á ní “máa fọwọ́ kàn”, ó ń rán yín níṣẹ́. Púpọ̀ nínú wa ló sì ń kọ “máa” ní “ma”. Ọmọ náà ti rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbá ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó bá ń ṣe wérewère kí àwòrán lè padà. Ó rò pé bàbá òun ń fi ibi tí a ń gbá hàn òun ni. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ ti kú, ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

N kò lè dá a lóhùn. Àmì kan ṣoṣo ló kù, èmi ni mo sì sọ fún àbúrò mi pé kó fi í sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó wò mí, ó ní: “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ bàbá mi ní ìwé?” Kò sí ẹni tó sọ fún un rí. Ohun tó mú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èmi ń retí ẹ̀bi, òun ń béèrè bí bàbá òun ṣe máa ń jókòó ní kíláàsì.

Nígbà tí a dé ilé, ìyá wa ní: “Ìgò yẹn kò ní sùn nínú ilé mi mọ́.” Mo pe bàbá kan tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Kétu láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Ó fi okùn wáyà so ìdí ìtúdè kan mọ́ irin tó gbé ìgò dúró. Ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìtúdè náà níbi tó ní rọ́bà, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà roboto yẹn. A kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé ọmọ náà ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá náà tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun kì í gbà pé ó ti tán títí òun yóò fi ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Òun ló fi ìdí ìlà funfun náà hàn wá. Òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ ohun kékeré kan ti sán. Ó fi irin gbígbóná jó o padà ní ìṣẹ́jú kan, ìlà náà ṣí bí aṣọ tí a tú, ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n òfìfo ni. Pátákó tó ní eré náà lórí ti bàjẹ́. Ìtọ̀ eku ti jẹ àwọn ojú ọ̀nà iná orí rẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé. Bàbá náà ní òun kò lè rí òmíràn ní Kétu tàbí ní Kútọnu. Ó gbé ìgò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá wa sì bu omi fún un mu.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo ti fẹ́ rí mọ́tò pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà kò bá mi kẹ́dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù pẹ̀lú ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ ní Àjàṣẹ́, ó sì ra pátákó kékeré kan tí ń jẹ́ Arduino, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Italy ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2005, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí kò wọ́n fi kọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ìtọ́kọ̀ náà, ohun kan wà tó jọ èyí tí ẹ máa ń yí lára rédíò kí ohùn rẹ̀ lè lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí. Bí ẹ bá yí ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá pọ̀ sí i. Bí ẹ bá yí i sí òsì, ó dínkù. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Pátákó kékeré yẹn ń wọn iná náà, ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. A nu ti ìtọ́kọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ti ìsáré ti kú, a sì ra òmíràn lọ́dọ̀ bàbá onírédíò ní 500 fàráǹkì.

Ọmọ náà ní láti kọ̀wé sí pátákó náà kó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó wò ó títí, ó tún wò ó. Àmì kékeré kan ló gbàgbé ní ìparí ìlà kan. Ó wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀, a kò sọ nǹkan kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a tan án, ọkọ̀ náà ń sáré lọ fúnra rẹ̀, bí a bá sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dúró. Okùn méjì la so ní ìdàkejì. A pààrọ̀ wọn. Eré tí a fi sí i ni SuperTuxKart, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á láìsanwó. Nínú rẹ̀, ẹyẹ dúdú-funfun kan tí kì í fò ń wa mọ́tò kékeré. Ìyá wa bi wá pé irú adìẹ wo nìyí.

Gbogbo owó tí a ná jẹ́ 41,000 fàráǹkì: 25,000 fún kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀, 7,000 fún Arduino, 9,000 fún pákó, ọ̀dà, okùn àti ohun kéékèèké. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín sí wa pé a kọ 12,000 sílẹ̀ láti lọ ná 41,000. Wọn kò parọ́.

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun kọ FI ẸSẸ̀ Ọ̀TÚN TẸ̀ Ẹ́ KÍ Ó SÁRÉ, mo sì kọ FI ẸSẸ̀ ÒSÌ DÁ A DÚRÓ. Ní ẹ̀yìn, níbi tí iná ara ògiri ti ń wọlé, mo kọ MÁ ṢE FỌWỌ́ KÀN ÁN. INÁ WÀ NÍNÚ RẸ̀. Ẹ wò ó pé mo fi “ṣe” sí i. Bí òjò bá tilẹ̀ fọ àmì orí “má” lọ lọ́jọ́ kan, “ṣe” kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á ní “máa”. Ẹ̀yin náà lè lo ọgbọ́n yìí bí ẹ bá ń kọ ìkìlọ̀ sára oògùn kòkòrò tàbí sára kànga.

Àwọn ènìyàn kíláàsì mi wá wò ó. Obìnrin kan tó ń ta gààrí, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, ka ti ẹ̀yìn náà sókè, ó ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà, ó sì ń gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò bí àmì ṣe wí. Nígbà tó kà á tán, ó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì.

Ní Sátidé, bí iná bá wà, a máa ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà. 50 fàráǹkì ni ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ náà tún fa bọ́tìnnì bàbá rẹ̀ sí abẹ́ tábìlì, ìyá wa ló ń jókòó tì í, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Kì í tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tí kò bá kí i dáadáa.

Ó ku páálí àbúrò mi. Ìgò tí ó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ yọ ọ́. Ó mú bíírò wá, ó ní òun fẹ́ fi àmì sórí MA náà, kó lè pé. Èmi náà rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa, tí kò mọ lẹ́tà kankan, gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?” Ó lọ mú ọ̀rá tó mọ́ gaara wá, ó fi wé páálí náà, ó sì ní kí a kàn án padà síbi tí ọmọ òun kàn án sí. A kàn án padà síbẹ̀.